Yíyàn Olùrajà

Ẹ̀ka ìmọ̀ ọrọ̀ ajé tó ń wo bí ẹni tí owó rẹ̀ kò ká gbogbo ohun tó wù ú ṣe ń ná an kí ìtẹ́lọ́rùn rẹ̀ lè pọ̀ tó bó ṣe lè pọ̀ tó. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé John Hicks àti R. G. D. Allen ló tún àlàyé rẹ̀ tò ní 1934.

Ká fi Ìlàjẹ, ní etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó, ṣe ìdánrawò. Ká ní obìnrin kan mú ₦12,000 lọ sí ọjà Igbókòdá, púpurú (oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe) kan jẹ́ ₦1,000, òṣùwọ̀n ẹja kan jẹ́ ₦2,000, tí a sì ń fi iye púpurú lọ́nà iye ẹja wọn ìtẹ́lọ́rùn rẹ̀. Púpurú 8 àti ẹja 2 jẹ́ 16. 4 àti 4 náà jẹ́ 16. 6 àti 3 jẹ́ 18, owó yẹn kò sì lè ra èyí tó jù ú lọ. Níbẹ̀, ẹja kan tó púpurú méjì lójú rẹ̀, bó ṣe rí lójú ọjà gan-an. Apẹja tó ń jẹ ẹja tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa kò yọ sílẹ̀ nínú ìṣirò yìí: owó tí ì bá rí ká ní ó tà á ló fi ń jẹ ẹ́. 

Àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń yàn fúnra rẹ̀. Ayétòrò, ìlú kan ní Ìlàjẹ kan náà, tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ni àpẹẹrẹ kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àjùmọ̀ní ni gbogbo dúkìá níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gba owó iṣẹ́ nígbà náà, ìlú ló ń pín oúnjẹ àti aṣọ. Yíyàn wà lọ́wọ́ àwọn aṣáájú, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi gba òwò àdáni láàyè ní ìparí àwọn ọdún 1960.