Ìjà Ẹ̀sìn ní Kàdúná: Ìdí rẹ̀ àti Ohun tí ó Gbẹ̀yìn rẹ̀

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bí a bá gbọ́ pé Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì kọjú ìjà sí ara wọn ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ẹ̀sìn ni a máa ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn wò fínnífínní, a ó rí i pé aṣọ ni ẹ̀sìn jẹ́. Ọ̀rọ̀ ọjà, ilẹ̀, oyè àti òfin ni ara tí ó wọ aṣọ náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti Zangon Kataf ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn Atyap ni ó ni ilẹ̀ ibẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn Háúsá tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí ti tẹ̀dó sí àárín wọn tipẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọjà wà. Abẹ́ Ẹ́míà Zaria ni ìjọba òyìnbó fi àwọn Atyap sí, èyí kò sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ gbé ọjà lọ sí ibòmíràn, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù Kejì, ọdún 1992. Ó tún rú ní oṣù Karùn-ún. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ fi dé ìgboro Kàdúná, kò sí ẹni tí ó rántí ọjà mọ́. Ilé ìjọsìn tí ènìyàn ń lọ ni a fi ń mọ ẹni tí a ó pa. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà Zangon rí bá a lọ.

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kejì, ọdún 2000, àwọn Kìrìsìtẹ́nì ṣe ìwọ́de ní Kàdúná láti tako òfin Ṣàríà. Ìjà ṣẹlẹ̀, ó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún. Ẹ̀mí tí ó ṣòfò lé ní 1,000. Ìbéèrè tí ó wà ní ìdí rẹ̀ ni pé, òfin ta ni yóò ṣe àkóso ilẹ̀ tí a jọ ń gbé?

Lẹ́yìn ìjà, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì kó lọ sí gúúsù odò, ní ìhà Sabon Tasha. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá. Odò Kàdúná wá di ààlà. Ọmọ lè dàgbà níbẹ̀ láìní ọ̀rẹ́ kan nínú ẹ̀sìn kejì. Irúgbìn ìjà mìíràn nìyẹn.

Àtúnṣe kò ṣàìsí. Ní ọdún 1995, a fún àwọn Atyap ní ọba tiwọn. Ní ọdún 2001, a dá kóòtù Ṣàríà sílẹ̀ fún Mùsùlùmí, a sì dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Pásítọ̀ James Wuye pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú ìjà ọdún 1992. A pa olùkọ́ Ìmáàmù Muhammad Ashafa nínú rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ní ọdún 1995 láti máa wá àlàáfíà. Àwọn aṣáájú ẹ̀sìn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2002. Ní oṣù Kọkànlá, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ nítorí ìdíje ọmọge arẹwà àgbáyé. Ìwé nìkan kì í pa iná.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì a máa jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Kì í ṣe pé ìwà wa sàn ju tiwọn lọ. Ìdílé kan ni ó so wá pọ̀, tí a sì jọ ń pín ilẹ̀ àti oyè rẹ̀. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kọ̀wé lórí ìjà ẹ̀sìn tó dárúkọ Ọlọ́run, kí ó kọ́kọ́ bèèrè pé: ta ni ó ni ọjà? Ta ni ó ń jọba lé ta lórí?