Òwú Tí A Nà Síta

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ wo alákàn dáadáa: kò ní ọrùn tí yóò fi yíjú, orí àti àyà rẹ̀ ti wọnú ara wọn lábẹ́ èèpo líle. Ojú rẹ̀ ló yọ síta lórí ọ̀pá kékeré méjì, tó ń wo iwájú, tó ń wo ẹ̀gbẹ́. Ìṣọ́ tí òwe yìí ń wí kì í ṣe ti ojo rárá. Ẹni tí kò lè tètè yí padà ni kó tètè rí ohun tó ń bọ̀.

Àgbàlá àwọn alófì ní Ìsẹ́yìn ni òwe yìí ti yé mi. Aṣọ òfì kò ṣe é hun ní ìkọ̀kọ̀. Kí alófì tó ju ọkọ̀ òfì lẹ́ẹ̀kan, ó ti na òwú gbọọrọ síta, ó ti gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ kó lè le. Alófì aládùúgbò tó ń kọjá lọ ti ka pupa, ó ti ka dúdú. Ó mọ aṣọ tó ń bọ̀. Àmọ́ òun náà ti na tirẹ̀, kò sì lè fa òwú yọ mọ́. Ọnà tí yóò fi òwú ìdábùú ṣe ló kù sí i lọ́wọ́, àti iye tí yóò pè é lọ́jọ́ ọjà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni AMD àti Nvidia, ilé iṣẹ́ méjì tó ń ṣe ṣíìpù tó ń gbé àwòrán jáde lójú kọ̀ǹpútà. Santa Clara ní Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì fi ṣe ibùjókòó. Ìbátan ni Lisa Su tó ń darí AMD àti Jensen Huang tó ń darí Nvidia. Taiwan ni a ti bí wọn. Ilé iṣẹ́ TSMC, ní Taiwan náà, ló sì ń bá àwọn méjèèjì ṣe ṣíìpù lọ́dún 2019. Ọmọ agboolé kan ni wọ́n.

Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún náà, AMD na òwú síta fún káàdì àwòrán tuntun méjì: RX 5700 XT yóò jẹ́ dọ́là 449, RX 5700 yóò jẹ́ 379, ọjọ́ 7 oṣù keje ni wọn yóò dé ọjà. Nvidia kò dúró dọjọ́ náà. Lọ́jọ́ 2 oṣù keje, ó kéde káàdì tirẹ̀, RTX 2060 Super ní 399 àti 2070 Super ní 499. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, AMD já owó tirẹ̀ wálẹ̀ sí 399 àti 349, ọjà kò sì tíì ṣí. Ṣíìpù tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, ta ni yóò tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Owó nìkan ló ṣì rọ̀. Oníbàárà ló jèrè, inú mi sì dùn sí i.

Èyí tí kò dùn mọ́ mi ni ti oṣù kìíní 2020. AMD fẹ́ gbé RX 5600 XT jáde ní dọ́là 279. Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, Nvidia já owó káàdì RTX 2060 wálẹ̀ láti 349 sí 299. AMD bá yí ètò inú káàdì 5600 XT náà padà kó lè sáré sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ káàdì ti wà nínú páálí, wọ́n ti ń lọ sọ́jà. Ẹni tó rà á tú páálí nílé, ètò àtijọ́ ló bá nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ wá ètò tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí yóò kọ ọ́ sínú káàdì, bí iná bá sì lọ lágbedeméjì, káàdì lè kú.

Ní Ìsẹ́yìn, alófì tó bá yí ọnà padà nígbà tí ọjà ku ọ̀la, òun ló ń jókòó ti òfì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kì í gbé ọkọ̀ lé oníbàárà lọ́wọ́.