Ọ̀pá Ìnulẹ̀: Ìtàn Irinṣẹ́ Tó Gbé Orúnkún Kúrò Nílẹ̀

Bí àlejò bá wọ ọ̀pọ̀ ilé tí a ń kọ́ lóde òní ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun àkọ́kọ́ tí yóò kí i káàbọ̀ ni ilẹ̀ tó ń dán bíi dígí. Onílé ti náwó sí táìlì, ó ti pe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ wá tò ó, inú rẹ̀ sì ń dùn bí àwọn ènìyàn ṣe ń yìn ín. Ṣùgbọ́n bí àlejò náà bá jí ní ìdájí, ó ṣeé ṣe kó bá ọmọdébìnrin kan lórí ìkúnlẹ̀, tí àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí garawa omi dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń nu ilẹ̀ náà láti yàrá dé yàrá. Àwọn àgbà ní ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Ilẹ̀ tó kọ ojú dídán sí àlejò, ẹ̀yìn ríro ló kọ sí ẹni tó ń nù ún.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ kà sí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ, pé irú ọ̀pá ìnulẹ̀ wo ló yẹ kí a rà, èyí tí wọ́n ń pè ní mọ́ọ̀pù lọ́jà, fi yẹ ní ohun tí à ń fi ìtàn dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ilẹ̀ alámọ̀ tí wọ́n lù kó le ni ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa tẹ̀. Àwọn obìnrin a máa ra á kó lè jọ̀lọ̀, ìgbálẹ̀ tí a ṣa láti ara imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n sì fi ń gbá a ní òwúrọ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, àfọ́kù ìkòkò ni wọ́n tò ní ìdúró sí ojú ọ̀nà àti àgbàlá, ó sì ti lé ní 500 ọdún tí iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so ó mọ́ Lúwo, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀, tí wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí òun láṣọ. Láti ìgbà náà ni ìmọ́tótó ilẹ̀ ti jẹ́ ọ̀rọ̀ iyì láàrin wa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ alámọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ omi púpọ̀. Ìgbálẹ̀ ló tó o.

Nígbà tí sìmẹ́ńtì dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, ilẹ̀ oní-sìmẹ́ńtì sì ń di ti tẹrú-tọmọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tẹ̀rásò dé, táìlì sì tẹ̀ lé e. Irú àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí ń fẹ́ omi àti ọṣẹ, nítorí pé eruku tí ìgbálẹ̀ fi sílẹ̀ máa ń hàn lójú wọn. A pààrọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé, a kò pààrọ̀ ìkúnlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ojútùú ti wà lágbàáyé tipẹ́. Àwọn atukọ̀ ojú òkun ti ń so òwú tàbí àkísà mọ́ orí igi láti fi nu ọkọ̀ wọn, kí ẹnikẹ́ni tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní 1837, Jacob Howe gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá ní Amẹ́ríkà fún ohun tó ń di aṣọ ìnulẹ̀ mú sórí ọ̀pá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1893, Thomas W. Stewart, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí tirẹ̀. Ohun tí Stewart ṣe ni ọwọ́ irin kan tó ń di orí ìnulẹ̀ náà mú ṣinṣin, tó sì ṣeé tú sílẹ̀ nígbà tí aṣọ náà bá gbó tàbí tó bá dọ̀tí. Ọdún 28 péré ni èyí sí ìgbà tí oko ẹrú dópin nílẹ̀ náà. Ní àsìkò yẹn, iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ nínú ilé onílé ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ owó ń ṣe.

Ìtàn Spéìn ló wá yé ni jù lọ. Títí di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, orí ìkúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin ibẹ̀ ti ń nu ilẹ̀. Iṣẹ́ yìí máa ń mú kí àpò omi kékeré tó wà níwájú egungun orúnkún wú, kó sì máa ro ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ sọ àìsàn náà ní orúkọ tó túmọ̀ sí orúnkún ọmọ ọ̀dọ̀. Manuel Jalón, onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú, ti rí bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń dúró nu ilẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá àti garawa tó ní ohun ìfúnmi. Ní 1956, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ ní ìlú Zaragoza.

Fregona ni wọ́n ń pe irinṣẹ́ náà ní Spéìn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, nítorí Cervantes, gbajúgbajà òǹkọ̀wé wọn, ti lò ó nínú àkọlé ìtàn kan tó tẹ̀ jáde ní 1613. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ènìyàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: ọmọbìnrin tó ń fọ abọ́, tó sì ń fọ ilẹ̀ nínú ilé olówó. Ní ọ̀rúndún mẹ́ta àti ààbọ̀, orúkọ náà kúrò lórí ènìyàn, ó bọ́ sórí ọ̀pá.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ìlera náà wọ̀ ọ́. Ní 1999, ilé ìwòsàn Yunifásítì UC Davis ní ìlú Sacramento, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ ìnulẹ̀ oní-microfibre rọ́pò ìnulẹ̀ olówùú gígùn. Aṣọ yìí jẹ́ fọ́nrán tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, ó sì máa ń fa eruku mọ́ra dípò kó kàn tì í káàkiri. Tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn yàrá méjì tàbí mẹ́ta ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ da omi garawa nù, kó má baà gbé ẹ̀gbin yàrá aláìsàn kan lọ sí òmíràn. Pẹ̀lú ti tuntun, aṣọ tó mọ́ kan ni yàrá kan, kò sì sí pé à ń rì í padà sínú omi ìdọ̀tí.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ìtàn yìí kọ́ ẹni tó fẹ́ ra ọ̀pá ìnulẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìdúró. Kí ọ̀pá náà gùn dé èjìká tàbí àgbọ̀n ẹni tí yóò lò ó. Ẹni tí yóò lò ó ni mo wí, kì í ṣe ẹni tó sanwó rẹ̀. Ìkejì ni fífún omi. Ìnulẹ̀ tí kò ṣeé fún dáadáa yóò fi omi sílẹ̀ lórí táìlì, àgbàlagbà a sì fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ ṣubú. Ìkẹta ni orí tó ṣeé yọ, gẹ́gẹ́ bí Stewart ti ṣe é, kí a lè fọ̀ ọ́, kí a sì sá a sóòrùn. Èyí tí a bá fi sínú omi di ọjọ́ kejì yóò rùn, òórùn náà ni a ó sì fi nu ilé.

Fún ilẹ̀ oní-sìmẹ́ńtì tó rí págunpàgun, olówùú gígùn ló dára, nítorí kò tètè ya. Fún táìlì àti tẹ̀rásò, pẹlẹbẹ oní-microfibre ló yẹ, ṣùgbọ́n kí a má fi bílíìsì fọ̀ ọ́, nítorí yóò ba fọ́nrán rẹ̀ jẹ́. Garawa méjì sì sàn ju ẹyọ kan lọ: ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún ṣíṣan.

Kò sí èyí tó wọ́n tó táìlì yàrá kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí. Ẹni tó lè fi táìlì tẹ́ gbogbo ilé, tó sì ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní àkísà kó máa kúnlẹ̀, kì í ṣe owó ló wọ́n ọn. Kò tíì wo ilẹ̀ rẹ̀ láti ibi tí ọmọ náà kúnlẹ̀ sí ni.