Bí Laptop Ṣe Bí Server

Lọ́jọ́ tí a gbé server tòkunbọ̀ kan wọ ilé wa ní Òkè Baálẹ̀, a rò pé ìyà ti tán. Àwa mẹ́ta la dáwó rà á. Bàbá onílé ló ní àpótí ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́ tí ikán ti ń tọ́ wò, wọ́n sì fún wa ní oṣù mẹ́ta kí a fi ya fọ́tò wọn, kí kọ̀ǹpútà sì bá wa yọ ọ̀rọ̀ inú fọ́tò náà jáde. Laptop wa, tó ń lo Intel Core i5-8250U ti ọdún 2017, ní core 4 péré. Server yìí ní Xeon E5-2670 méjì, ti ọdún 2012, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní core 8. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: 16 sí 4! Ẹ̀rín la ń rín bọ̀ láti ọjà.

A gbé ojú ìwé kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì. Laptop ti parí, server ṣì ń ronú. A tún un ṣe, ibì kan náà la tún bá a. Ọ̀kan nínú wa ní, “Wọ́n ti lù wá ní jìbìtì.”

Wọn ò lù wá ní jìbìtì o. Core kan nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà dà bí òṣìṣẹ́ kan. Iṣẹ́ tí kò bá ṣeé pín, òṣìṣẹ́ kan náà ni yóò ṣe é, àwọn tó kù á káwọ́ gbera máa wòran. Ẹ bi ará Ìjẹ̀ṣà tó mọ iyán gún dáadáa: odó kékeré ò lè gba ọmọ odó mẹ́rìndínlógún. Core kan nínú laptop wa lè sáré dé 3.4 GHz, ti server yẹn ò lè kọjá 3.3 GHz. Iyẹn nìkan kọ́, iṣẹ́ tí core tuntun ń ṣe ní ìṣísẹ̀ kan ju ti àtijọ́ lọ. Àmọ́ nígbà tí a kó ojú ìwé 200 fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ara laptop gbóná, ó ní láti dín eré kù kó má baà ba ara rẹ̀ jẹ́. Server ò tilẹ̀ mí gúlegúle. Ó fi laptop sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá.

Ìṣòro tó kù ni iná. Watt 115 ni wọ́n kọ sára Xeon kọ̀ọ̀kan, 15 ni ti laptop. Bí a bá tan server, inverter á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, fáànù inú rẹ̀ á máa hu. Bàbá onílé yọjú lálẹ́ ọjọ́ kejì: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ̀rọ ata lẹ gbé wọlé ni?” A dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀ wọ́n. (Òṣogbo yìí náà sì ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà o. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ iná yìí ló mú wa lọ wá ìtàn àwọn processor wọ̀nyí, a sì rí i pé ohun tó ń bá wa fínra ní Òkè Baálẹ̀ ti bá àwọn tó ṣe é fínra rí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, Intel gbé Pentium 4 jáde. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí GHz bá ṣáà ti ń pọ̀ sí i, gbogbo nǹkan ti dára. Nígbà tó di ọdún 2001, wọ́n fi ìlànà kan náà ṣe Xeon tó wà fún server. Nígbà tí ọdún 2002 fi máa parí, Pentium 4 ti kọjá 3 GHz. GHz yìí náà ni àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń bèèrè bí wọ́n bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè iye iná tó ń jẹ.

Ṣùgbọ́n bátìrì laptop ò mọ ìpolówó. Àwọn ẹnjiníà Intel tó wà ní Haifa, lórílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, ni wọ́n gbé iṣẹ́ laptop fún. Dípò kí wọ́n tẹ̀ lé ọ̀nà Pentium 4, wọ́n padà sídìí Pentium III tí àwọn èèyàn ti ń pè ní ògbólógbòó, wọ́n tún un ṣe, wọ́n dí gbogbo ibi tó ti ń fi iná ṣòfò. Ohun tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2003 ni Pentium M. Èyí tó ń sáré ní 1.6 GHz lè bá Pentium 4 tó ju 2 GHz lọ dọ́gba nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ iná tó ń jẹ ò tó watt 25.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rí dé. Pentium 4 tuntun jáde ní oṣù kejì ọdún 2004, èyí tó yára jù nínú wọn sì lé ní watt 100. Ooru wá di ọ̀tá. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, Intel pa iṣẹ́ méjì tì: Tejas tí ì bá rọ́pò Pentium 4, àti Jayhawk tí ì bá jẹ́ Xeon fún server. AMD sì ti gbé Opteron jáde láti ọdún 2003, ó ti ń jẹun nínú àwo wọn.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n lọ sílé ọmọ tí wọn ò kà sí. Ìlànà tuntun tí wọ́n pè ní Core, láti ìdí Pentium M ló ti jáde. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2006, Xeon 5080 tó ṣì wà lọ́nà àtijọ́ jáde pẹ̀lú 3.73 GHz àti watt 130. Oṣù kan péré lẹ́yìn náà, Xeon 5160 dé pẹ̀lú 3 GHz àti watt 80, ó sì ṣiṣẹ́ ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Lójú tiwa, kò sí ọjọ́ tó ju ọjọ́ yẹn lọ nínú ìtàn server: ohun tí wọ́n ṣe nítorí bátìrì ló wá gba àwọn kọ̀ǹpútà ńlá sílẹ̀. (Oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ládùúgbò wa yìí sílẹ̀.)

Ẹ wá wo E5-2670 tó ń pariwo nínú yàrá wa. Haifa náà ni ìlànà tó gbé e ró ti wá. I5 inú laptop wa, ìran kan náà ni. A ti ń fi wọ́n jà bí ọ̀tá, àfi bí a ṣe rí i pé ẹbí ni wọ́n.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ìlànà ARM tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù ni Amazon mú lọ́dún 2018, wọ́n fi ṣe Graviton fún server tiwọn. Ohun kékeré tí wọ́n kọ́ láti má jẹ iná púpọ̀ ló ń gòkè.

Báyìí, a ti pín iṣẹ́ fún wọn. Lọ́sàn-án, laptop la fi ń yẹ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan wò, tí a fi ń tún àmì ohùn tí kọ̀ǹpútà ṣì kà ṣe. Bí iná bá dé lóru, a ó kó gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà fún server, a ó ti ilẹ̀kùn nítorí ariwo. Ó ku àpótí méjì. Láàárọ̀ yìí ni Bàbá tún bèèrè ìgbà tí a máa parí.