Ẹnu Ní Mo Lò Ó, Ẹ̀jẹ̀ Ní Rárá

Ní oṣù kẹta ọdún 2013, níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, àbájáde ìwádìí kan jáde tí mi ò lè gbàgbé. VOICE ni wọ́n ń pè é. Obìnrin 5,029 ló wà nínú rẹ̀, ní Gúúsù Áfíríkà, Ùgáńdà àti Sìmbábúè. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn oníhóró tí wọ́n á máa gbé mì lójoojúmọ́, wọ́n fún àwọn mìíràn ní ìpara tí wọ́n á máa fi sí ojú ara, kí kòkòrò éèdì má bàa ràn wọ́n. Bí wọ́n bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń lò ó, wọ́n á ní àwọn ń lò ó dáadáa. Hóró tí wọ́n ń dá padà náà ń jẹ́rìí sí i. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gba ojúlówó oògùn wò, nínú 10, kò ju 3 lọ tí wọ́n bá oògùn nínú rẹ̀.

Ẹ má tíì bú wọn o. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn ná.

Láti ìgbà tí éèdì ti dé, rọ́bà ọkùnrin la ń gbọ́. Bí ọkùnrin bá ní òun ò lò ó ńkọ́? Ìyàwó ilé tó bá ní kí bàálé òun lo rọ́bà, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Ta lò ń bá kiri?" Dókítà ará Denmark kan, Lasse Hessel, ló wá ṣe èyí tí obìnrin lè fi sí ara rẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1993. Ní Sìmbábúè, obìnrin tó lé ní 30,000 fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó wọlé, ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1997. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe pé obìnrin ò fẹ́ ààbò? Ṣùgbọ́n nígbà tó dọ́wọ́ tán, ẹjọ́ pọ̀: ó tóbi, ó wọ́n, ó sì ń dún wàràwàrà bí ọ̀rá. Ọkọ sì ń rí i síbẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ yọ òrùka inú rẹ̀, wọ́n fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́.

Làwọn onímọ̀ bá ń wá èyí tí ọkọ kò ní mọ̀. Wọ́n mú nonoxynol-9, oògùn tó ti ń pa àtọ̀ tipẹ́ fún ìfètò sọ́mọ bíbí, wọ́n dán an wò lára àwọn obìnrin tó ń ṣòwò nàbì ní Kùtọnu nítòsí wa níbí, ní Àbíjàn, ní Gúúsù Áfíríkà àti Táílàǹdì. Ní oṣù keje ọdún 2000 ni ìròyìn burúkú dé. Nígbà tí wọ́n ka iye náà tán, 59 nínú àwọn tó lo oògùn ló kó kòkòrò, 45 nínú àwọn tó lo ìpara lásán. Oògùn tó yẹ kó dáàbò bò wọ́n ló ń bó wọn lára!

Wọ́n dán ìpara mìíràn, SAVVY, wò ní Èkó àti Ìbàdàn, obìnrin lé ní 2,000. Wọ́n dá a dúró ní 2006, torí àwọn tó ń kó kòkòrò kéré ju bí wọ́n ti ṣírò lọ, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ọdún 2010 ni ara ṣẹ̀ṣẹ̀ tu wọ́n díẹ̀. Quarraisha Abdool Karim àti ọkọ rẹ̀ Salim dán ìpara tenofovir wò lára obìnrin 889 ní KwaZulu-Natal, ó sì dín ìkóràn kù ní 39 nínú 100. Ìdùnnú yẹn ni VOICE wá bomi pa.

Nígbà tí wọ́n padà lọ bá àwọn obìnrin VOICE, tí wọ́n kó èsì ẹ̀jẹ̀ wọn síwájú wọn, òótọ́ bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Hóró yìí jọ ti àwọn tó ní éèdì. Bí aládùúgbò bá rí ìgò rẹ̀, ó parí, wọ́n á ní ó ti kó o. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ohun tí oògùn máa ṣe sí wọn lára, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń dá kún un. Àwọn kan ń da hóró nù kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé. Tèmi ni pé ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni wọ́n fi kẹ́yìn: "Ìyá, èwo lẹ lè lò?"

Ìgbà tí wọ́n wá bi wọ́n, ní Kẹ́ńyà àti Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tọ́ òrùka, hóró àti abẹ́rẹ́ wò, abẹ́rẹ́ lọ̀pọ̀ wọn mú. Kí ló yani lẹ́nu níbẹ̀? Wọ́n ti mọ abẹ́rẹ́ nídìí ìfètò sọ́mọ bíbí. Òrùka ojú ara, tí ìwádìí méjì ní 2016 fi hàn pé ó ń dín ìkóràn kù ní bí 30 nínú 100, náà ní àwọn tirẹ̀.

Ní 2024 ni èsì lenacapavir jáde, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀méjì lọ́dún. Nínú ọ̀dọ́bìnrin 2,134 tó gbà á ní Gúúsù Áfíríkà àti Ùgáńdà, ẹyọ kan kò kó kòkòrò. Nínú àwọn 3,204 tí wọ́n fún ní hóró, 55 ló kó o. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò gbé e mì déédéé, bíi ti àtijọ́. Abẹ́rẹ́ kò ní ìgò tí ìyá ọkọ máa rí lábẹ́ ìrọ̀rí.

Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà 2025. Iye tí wọ́n dá lé e lọ́hùn-ún lé ní 28,000 dọ́là lọ́dún. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ni wọ́n kéde pé àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn yóò máa ṣe é fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, ní 40 dọ́là lọ́dún, bẹ̀rẹ̀ láti 2027.