ÀWỌN ÌWÉ ALÁWÒRÁN TÍ Ó SỌ ÌTÀN ÀWỌN AKỌNI

Bí olùkọ́ bá rí ìwé aláwòrán lọ́wọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní àkókò ẹ̀kọ́, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé aláwòrán kan ti wà rí tí ó jẹ́ pé àwọn àgbà fúnra wọn ni ó pète wọn, tí wọ́n sì fi wọ́n lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, nítorí tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ náà mọ ìtàn àwọn akọni tí ó gbé ayé ní tòótọ́. Ìtàn àwọn ìwé wọ̀nyí ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ó kan gbogbo ẹni tí ń kọ́ ọmọdé, ó sì kan àwa ènìyàn dúdú ní ọ̀nà kan tí a ó rí níwájú.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1938 ni Superman kọ́kọ́ jáde nínú ìwé tí à ń pè ní Action Comics, ọkùnrin tí agbára rẹ̀ ju ti ènìyàn lọ, tí ìbọn kò sì lè ṣe nǹkan fún. Kò pẹ́ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi gba ìgboro kan. Sẹ́ǹtì 10 péré ni iye owó ọ̀kan, owó tí ọmọdé lè rí kó jọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù May, 1940, Sterling North, ẹni tí ń ṣe àbójútó ọ̀rọ̀ ìwé nínú ìwé ìròhìn Chicago Daily News, bínú kọ̀wé pé ohun ìtìjú ni wọ́n jẹ́ fún orílẹ̀-èdè náà. Ó ní wọ́n ń ba ojú àti ọkàn ọmọdé jẹ́, àti pé òbí tí kò bá wá ìwé rere fún ọmọ rẹ̀ kò bọ́ nínú ẹ̀bi náà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròhìn mìíràn tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀.

Ọkùnrin kan wà nígbà náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ George J. Hecht, òun ni ó ni Parents' Magazine, ìwé ìròhìn àwọn òbí. Èrò tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ àwòrán ni àwọn ọmọ fẹ́, kí ni ó dé tí a kò lè fi òtítọ́ sínú àwòrán? Ní oṣù April, 1941, ó gbé True Comics jáde, àwòrán Winston Churchill sì wà lára èèpo ẹ̀yìn ìwé àkọ́kọ́ náà. Ohun tí wọ́n fi ṣe àkọlé iṣẹ́ wọn ni pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ yani lẹ́nu ju àròsọ lọ. Hecht kó àwọn ọ̀mọ̀wé jọ láti máa gbà á ní ìmọ̀ràn, ó sì kó àwọn ọmọdé olókìkí jọ pẹ̀lú, bí irú Shirley Temple tí ń ṣe eré sinimá. Ìwé Real Heroes tẹ̀lé e ní ọdún kan náà. Ọ̀ràn ogun ni ó kún inú wọn jù ní ọdún wọnnì, kò sì yà wá lẹ́nu. True Comics jáde ní ìgbà 84 kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1950.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àwòrán sọ ìtàn ní ìṣòro kan tí òǹkọ̀wé lásán kò ní. Nínú ìwé wọ̀nyí ni a máa ń ya ohun róbótó kan sí òkè orí ènìyàn, a ó sì kọ ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ sínú rẹ̀. Ta ni ó wà níbẹ̀ tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀? Nígbà púpọ̀ kò sí ẹnikẹ́ni. Olùyàwòrán ni ó fi ọ̀rọ̀ sí òkú lẹ́nu, ọmọ tí ó kà á kò sì ní mọ ibi tí òtítọ́ parí sí. Lójú tiwa, èyí léwu ju Superman lọ, nítorí pé kò sí ọmọ tí ó gba Superman gbọ́ tán. Ẹ wo ọ̀ràn Harriet Tubman, obìnrin ẹrú tí ó sá ní 1849, tí ó sì tún padà sí Maryland láti kó àwọn ẹlòmíràn jáde lóru. Ìwé àtijọ́ sọ pé ó padà lọ ní ìgbà 19, ó sì gba ènìyàn 300 là. Àwọn tí ó ti yẹ ọ̀ràn náà wò fínnífínní sọ nísinsìnyí pé ó tó ìgbà 13, àwọn ènìyàn náà sì tó 70. Ṣé obìnrin tí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu ní ìgbà 13 nílò pé kí a fi 6 kún un fún un?

Tubman yìí wà lára àwọn tí a kó sínú Negro Heroes, ìwé kan tí ó jáde ní ìgbà ìrúwé 1947. National Urban League ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti inú True Comics àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ni wọ́n ti ṣa ìtàn inú rẹ̀ jọ. A bá Matthew Henson níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ó bá Peary rìn lórí yìnyín ní 1909 nígbà tí wọ́n ń wá òpin ayé ní ìhà àríwá. Ìwé kejì jáde ní 1948, Jackie Robinson tí ń gbá bọ́ọ̀lù baseball sì wà lójú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kò tún sí mọ́. Ìwé méjì péré! Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, níbi tí ìwé ìtàn wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ àwọn bàbá wọn bí kò ṣe bí ẹrú.

Ní ọdún 1948 kan náà, ní ìlú Spencer ní West Virginia, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kó ìwé aláwòrán jọ pelemọ, wọ́n sì dáná sun wọ́n.

Ó wá yani lẹ́nu pé irú ìwé tí a ti kẹ́gàn báyìí ni àwọn ẹgbẹ́ Fellowship of Reconciliation, àwọn tí ó kọ ogun àti ìjà sílẹ̀, yàn láti lò ní oṣù December, 1957. Ní ọdún méjì ṣáájú, ní ọjọ́ 1 oṣù December, 1955, Rosa Parks kọ̀ láti dìde kúrò lórí ìjókòó fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì ní Montgomery. Wọ́n mú un, àwọn ènìyàn dúdú ìlú náà sì fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ 381 títí òfin fi yí padà. Ìtàn yìí ni wọ́n yà sínú Martin Luther King and the Montgomery Story. Ojú ìwé 16 ni, sẹ́ǹtì 10 ni, ẹ̀dà 250,000 ni wọ́n sì tẹ̀. Níhìn-ín, àwọn tí a ń sọ ìtàn wọn ṣì wà láàyè, King fúnra rẹ̀ sì ka iṣẹ́ náà kí a tó tẹ̀ ẹ́, ó sì ṣe àtúnṣe sí i. Ìparí rẹ̀ ni ó fi yàtọ̀ sí ìyókù: kò dúró lórí yíyin akọni, ó kọ́ òǹkàwé bí òun pẹ̀lú ṣe lè kọ ìwà ìrẹ́jẹ láìgbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n pín in kiri ní ìjọ àti ní ilé-ẹ̀kọ́. John Lewis kà á nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Ní 1960 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lọ jókòó jẹ́jẹ́ ní ilé oúnjẹ àwọn òyìnbó ní Nashville, tí wọ́n nà wọ́n, tí wọn kò sì nà padà. Nígbà tí ó di aṣòfin àgbàlagbà, òun pẹ̀lú sọ ìtàn ara rẹ̀ nínú àwòrán, nínú ìwé mẹ́ta tí ń jẹ́ March, ẹ̀kẹta sì gba ẹ̀bùn National Book Award ní 2016.

Ṣùgbọ́n kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ohun tí Negro Heroes fi sílẹ̀ láìparí, Bertram Fitzgerald gbé e ní 1966. Ìwé 16 ni ó tẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá, ó sì pe àpapọ̀ wọn ní Golden Legacy. Toussaint L'Ouverture ni ó fi ṣáájú, ẹni tí ó darí àwọn ẹrú Saint-Domingue, tí ó sì kú nínú ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Faransé ní 1803, nígbà tí ó ku oṣù díẹ̀ kí Haiti di òmìnira. Frederick Douglass gba ìwé méjì odindi.

Èyí tí ó wù wá jù nínú wọn ni ti Cinqué, ọmọ Mende láti Sierra Leone, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gba ọkọ̀ Amistad lọ́wọ́ àwọn tí ó rà wọ́n ní 1839. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Josiah Gibbs kọ́ bí a ti ń ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá ní èdè Mende. Ó lọ sí èbúté ní New York, ó ń kà á sókè kiri láàrin àwọn atukọ̀ dúdú, bí wèrè, títí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, James Covey, fi dá a lóhùn. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti gba Covey kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú, tí ó gbé e lọ sí Freetown, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún Àjàyí Crowther wa ní 1822. Ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì. Òun ni ó ṣe ògbifọ̀ ní ilé ẹjọ́. Ní oṣù March, 1841, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní kí a dá wọn sílẹ̀, Covey sì bá àwọn 35 tí ó kù wọkọ̀ padà, wọ́n gúnlẹ̀ sí Sierra Leone ní ìbẹ̀rẹ̀ 1842.