Ààrẹ Orí Àlééfà àti Ìbò Sáà Kejì: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Nàìjíríà

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń sọ pé ààrẹ tó wà lórí àlééfà kì í fìdí rẹmi nínú ìbò, nítorí ìkáwọ́ rẹ̀ ni owó ìlú àti agbófinró wà. Ìtàn Nàìjíríà fi hàn pé agbára nìkan kọ́ ni ó ń gbé e wọlé. Ìpínyà àwọn alátakò máa ń ràn án lọ́wọ́.

Ní 1983, Shehu Shagari wọlé lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ìbò tí wọ́n kà fún un kò tó ìdajì. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Nnamdi Azikiwe àti àwọn mìíràn ni wọ́n pín ìyókù.

Ti Goodluck Jonathan yàtọ̀. Ní 2011, ó ní ìbò 22,495,187. Ṣùgbọ́n ní 2013, ACN, CPC àti ANPP para pọ̀ di APC, gómìnà márùn-ún sì kúrò nínú PDP lọ bá wọn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ Boko Haram àti àwọn ọmọbìnrin Chibok tí wọ́n jí gbé ní 2014 tún dá kún ìṣòro rẹ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, 2015, Jonathan ní ìbò 12,853,162, Muhammadu Buhari sì ní 15,424,921. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ààrẹ tó wà lórí oyè pàdánù ìbò ní Nàìjíríà.

Buhari náà wọlé lẹ́ẹ̀kejì ní 2019. Àǹfààní ipò kò tíì parẹ́. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ fi yé akẹ́kọ̀ọ́ ni pé àǹfààní lásán ni. Ìbò ará ìlú ni ó ń fi òǹtẹ̀ lù ú.